Májèlé Kì Í Tán Sára Ẹni Tó Mu Ún

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí wúwo lẹ́nu mi, nítorí pé ó kan omi tí a ń bọ, ó sì kan ọmọ tí a torí rẹ̀ ń bọ ọ́.

Nígbà ọdún Ọ̀ṣun kan tó kọjá, mo dúró létí odò ní Òṣogbo. Ìyá àgbàlagbà kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń bu omi sínú kẹ́ẹ̀gì kékeré. Omi náà pọ́n, ó dà bí omi tí wọ́n fi po amọ̀. Mo kí ìyá náà, mo sì béèrè ẹni tí wọ́n fẹ́ gbé omi náà fún. Wọ́n ní ọmọ àwọn obìnrin ni, pé oyún rẹ̀ ti pé oṣù mẹ́rin, pé ọdún keje rèé tí àwọn ti ń wojú Yèyé nítorí rẹ̀. Mo ní, "Ìyá mi, ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí ó fi omi náà ṣe àdúrà, ṣùgbọ́n kí ó má mu ún." Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ìwọ tí o jẹ́ olórìṣà ni o ń sọ bẹ́ẹ̀? Bí n kò bá fún un mu, ṣé kì í ṣe pé mo ń ṣiyèméjì sí Yèyé nìyẹn?"

Èsì tí mo fún wọn lọ́jọ́ náà kò tó. Mo kàn tọ́ka sí àwọ̀ omi náà, èrò sì ya wá sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Nígbà tí mo délé, ìbéèrè wọn kò jẹ́ kí n sùn. Ohun tí mo kọ sílẹ̀ yìí ni èsì tó yẹ kí n ti fún wọn.

Èsì náà ni pé ohun tí ìyá bá mu kì í tán sára ìyá. Ó lè dé ara ọmọ inú rẹ̀, ó sì lè dé ara ọmọ tí ọmọ náà yóò bí. Àwọn àgbà ní ìka tó bá ṣẹ̀ ni ọba ń gé. Májèlé kò mọ òfin yẹn. Ìka tí kò tíì hù rárá ni ó ń gé. Bí ó bá sì rí bẹ́ẹ̀, àwa tí a gbà pé àwọn tó ti lọ, àwọn tó wà láàyè àti àwọn tó ń bọ̀ lọ́nà jẹ́ agbo ilé kan náà, àwa ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ dìde.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín dé ilẹ̀ Jàpáànù ná, nítorí ibẹ̀ ni ayé ti fi ẹkún kọ́ ẹ̀kọ́ yìí. Ìlú àwọn apẹja kan wà ní erékùṣù Kyushu tó ń jẹ́ Minamata. Láti ọdún 1932 títí di 1968, ilé iṣẹ́ Chisso ń da omi ẹ̀gbin rẹ̀ sínú òkun tó wà níwájú ìlú náà. Mẹ́kúrì, irin tó ń ṣàn bí omi nì, wà nínú ẹ̀gbin náà, ó sì jẹ́ irú èyí tó máa ń tètè wọ ara ohun abẹ̀mí. Ẹja jẹ ẹ́, àwọn ènìyàn jẹ ẹja. Àwọn ológbò ìlú náà bẹ̀rẹ̀ sí í ta gìrì bí ohun tí orí rẹ̀ dàrú, wọ́n ń kú. Nígbà tí yóò fi di ọjọ́ kìíní oṣù Karùn-ún ọdún 1956, wọ́n fi tó ìjọba létí pé àìsàn tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ rí ti wọ ìlú: ọwọ́ ń gbọ̀n, ẹsẹ̀ kò gbé ara dúró, ọ̀rọ̀ kò já gaara lẹ́nu mọ́.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣàkíyèsí ohun tó ya àwọn dókítà pàápàá lẹ́nu. Àwọn ìyá kan wà tí ara wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ má fi nǹkan kan hàn, ṣùgbọ́n tí ọmọ tí wọ́n bí kò lè gbé ọrùn dúró, tí kò lè rìn, tí kò lè sọ̀rọ̀. Àwọn ọmọ náà kò fi ẹnu ara wọn jẹ ẹja Minamata kí àrùn tó dé sí wọn lára. Ní àkókò yẹn, ohun tí àwọn oníṣègùn gbàgbọ́ ni pé ibi ọmọ jẹ́ odi tí májèlé kò lè fò. Dókítà Masazumi Harada wà lára àwọn tó fi hàn pé odi náà ní ihò: mẹ́kúrì inú ẹ̀jẹ̀ ìyá gba inú ibi kọjá, ó sì kóra jọ sára ọmọ. Ọmọ ni ó ru ẹrù tí kò jẹ́ kí ó wúwo lára ìyá.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti kan àwa oníṣẹ̀ṣe gan-an nìyí. Àwa a máa rì ìwọ́ ọmọ mọ́lẹ̀. Àwọn ará Jàpáànù ní tiwọn a máa sá a gbẹ, wọ́n á fi í sínú àpótí kékeré, wọ́n á sì tọ́jú rẹ̀ sínú ilé fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìwọ́ gbígbẹ wọ̀nyí ni àwọn oníwàádìí gbà lọ́wọ́ àwọn ìyá Minamata, tí wọ́n yẹ̀ wò, tí wọ́n sì bá mẹ́kúrì nínú rẹ̀. Nítorí pé ìdílé mọ ọdún tí wọ́n bí ọmọ kọ̀ọ̀kan, ó ṣeé ṣe láti mọ bí májèlé náà ṣe pọ̀ tó nínú oyún láti ọdún dé ọdún. Ohun tí ìyá fi pamọ́ nítorí ìfẹ́ àti àṣà ni ó di ẹ̀rí tí ẹnikẹ́ni kò lè sọ pé irọ́ ni. Ẹni tó bá ń sọ pé àṣà kò ní ohun tí ó fẹ́ bá ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ sọ, ẹ rán an lọ sí Minamata.

Ẹnìkan lè ní ìran kan ṣoṣo nìyẹn, láti ọ̀dọ̀ ìyá sí ọmọ. Ẹ jẹ́ kí a ka ìran náà dáadáa. Nígbà tí ọmọbìnrin bá ṣì wà nínú ìyá rẹ̀, kí wọ́n tó bí i sáyé, àwọn ẹyin tí yóò fi bímọ lọ́jọ́ iwájú ti dá sí i nínú. Ìyẹn ni pé bí obìnrin bá lóyún ọmọbìnrin, ìran mẹ́ta ló jókòó sórí ẹní kan ṣoṣo: òun fúnra rẹ̀, ọmọ rẹ̀, àti ohun tí yóò di ọmọ-ọmọ rẹ̀. Omi tí ó bá mu, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó kàn.

Ní ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà, láti ọdún 1959 títí di 1967, àwọn oníwàádìí gba ẹ̀jẹ̀ lára ẹgbẹẹgbẹ̀rún aboyún, wọ́n sì tọ́jú rẹ̀. Àkókò yẹn ni wọ́n ń fọ́n oògùn kòkòrò tó ń jẹ́ DDT káàkiri oko àti àdúgbò. Wọ́n wá ń tẹ̀lé àwọn ọmọ tí àwọn ìyá náà bí. Àwọn ọmọbìnrin tí DDT pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ìyá wọn ní àrùn jẹjẹrẹ ọmú ju àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ. Ní ọdún 2021, àbájáde ìwádìí lórí àwọn ọmọ-ọmọ jáde: àwọn tí DDT pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ìyá ìyá wọn ń sanra ju bó ti yẹ lọ, wọ́n sì ń tètè bẹ̀rẹ̀ nǹkan oṣù ju àwọn yòókù lọ. Amẹ́ríkà ti fòfin de DDT láti ọdún 1972. Òfin náà dá fífọ́n dúró lóko. Ohun tó ti wọ inú ìyá àgbà kò gbọ́ òfin.

Ọ̀nà mìíràn tún wà tí ó jinlẹ̀ ju èyí lọ. Ní ọdún 2005, Michael Skinner àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì Washington State tẹ ìwádìí wọn jáde. Wọ́n fún eku tó lóyún ní oògùn tí àwọn àgbẹ̀ fi ń pa èbù lára èso àjàrà. Àwọn akọ ọmọ rẹ̀ kò ní àtọ̀ tó péye. Èyí kò dúró níbẹ̀: ó dé ìran kẹrin, bẹ́ẹ̀ ni ìran kẹta àti ìkẹrin kò fara kan oògùn náà rí, kódà nínú oyún. Àbùdá tí wọ́n jogún kò yí padà. Àwọn àmì orí àbùdá náà, tó ń sọ èyí tí yóò ṣiṣẹ́ àti èyí tí yóò sinmi, ni ó yí. Àwa Yorùbá kò yẹ kí a ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá àlàyé èyí. Ẹ kọ ọkọ, ẹ kọ ọkọ́, ẹ kọ ọkọ̀: lẹ́tà kan náà ni, àmì orí rẹ̀ ni ó sọ ẹnìkan di baálé ilé, tó sọ èkejì di irinṣẹ́ àgbẹ̀, tó sọ ẹ̀kẹta di ohun ìrìnnà. Ti eku ni ẹ̀rí tó dájú jù lórí èyí o. Ti ènìyàn ṣì ń kóra jọ. Ṣùgbọ́n igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó.

Òjé náà ní ọ̀nà tirẹ̀. Àwa mọ òjé. Àwọn bàbá wa fi rọ ẹ̀gbà fún àwọn olórìṣà funfun. Bí òjé bá wọ inú ara, ara kì í dá a mọ̀ lọ́tọ̀. Ó máa ń rò pé ohun tí a fi ń mọ egungun ni, yóò sì kó o pamọ́ sínú egungun, níbi tí ó ti lè wà fún ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí obìnrin bá lóyún, egungun rẹ̀ a máa yọ lára ohun tí ó ní fún egungun ọmọ. Òjé a sì bá a jáde. Eruku tí ọmọbìnrin kan jẹ nígbà tí ó ń ṣeré nílẹ̀ lè tipa báyìí kan ọpọlọ ọmọ tí yóò bí nígbà tí ó bá dàgbà tán.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ọ̀nà jíjìn ni gbogbo èyí ti ṣẹlẹ̀. Ní ọdún 2010, ní ìpínlẹ̀ Zamfara lókè ọya, àwọn ará abúlé ń fọ́ òkúta tó ní wúrà nínú àgbàlá ilé wọn, wọ́n ń fi ẹ̀rọ ìlọta lọ̀ ọ́. Òjé pọ̀ jọjọ nínú òkúta náà. Eruku rẹ̀ bo ilé, ó bo ìkòkò ọbẹ̀, ó bo ọwọ́ ọmọ tó ń rákò. Láàárín oṣù díẹ̀, ó lé ní 400 ọmọdé tó kú. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà Médecins Sans Frontières fi ọdún púpọ̀ tọ́jú àwọn tó ṣẹ́kù.

Wúrà tún wà nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, Ìjẹ̀ṣà sì ni omi tó ń wọ odò Ọ̀ṣun ń gbà kọjá kí ó tó dé Òṣogbo. Àwọn awakùsà ń tú bèbè odò, wọ́n ń fọ yẹ̀pẹ̀ nínú omi. Mẹ́kúrì sì wà lára ohun tí wọ́n máa ń fi mú wúrà nídìí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ káàkiri ayé. Omi tí a mọ̀ ní mímọ́ ti di omi pupa. Ẹgbẹ́ Urban Alert yẹ omi náà wò ní ọdún 2021 àti 2022, wọ́n ní òjé àti mẹ́kúrì inú rẹ̀ ju ìwọ̀n tí ìlànà Nàìjíríà fàyè gbà lọ fíìfíì. Ní ọdún 2022 kan náà, kí àjọ̀dún tó dé, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kìlọ̀ pé kí àwọn ènìyàn má mu omi odò náà. Láti ọdún 2005 ni UNESCO ti ka igbó Ọ̀ṣun mọ́ ohun àjogúnbá gbogbo ayé. Inú wa dùn sí i. Ṣùgbọ́n ọgbà tí a fi yí igbó ká kò lè dá omi tó ń bọ̀ láti òkè dúró.

Mo padà sí ìbéèrè ìyá náà. Ṣé àìnígbàgbọ́ ni kí a má mu ún? Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Bí ẹnìkan bá da ìdọ̀tí sínú àwo ìyá rẹ, o kò ní jẹ oúnjẹ inú àwo náà láti fi hàn pé o fẹ́ràn ìyá rẹ. Wàá kọ́kọ́ mú ẹni tó da ìdọ̀tí, wàá fọ àwo, kí o tó jókòó. Ẹni tó ba omi Yèyé jẹ́ ti rú èèwọ̀. Bí àwa bá ń mu èèwọ̀ náà lé e lórí, tí a tún ń fún aboyún mu, a kò gbèjà Yèyé. A kàn ń bo ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Àwọn mìíràn á ní àyànmọ́ ni. Mo bọ̀wọ̀ fún àyànmọ́, ṣùgbọ́n àwọn àgbà kò fi àtọ̀runwá pe àfọwọ́fà. Orí ni a yàn lọ́run. Ilé ayé ni a ti da mẹ́kúrì sódò. Ní agbo ilé wa, bí ọmọ bá pẹ́ kí ó tó rìn, bí oyún bá ń bà jẹ́ léraléra, kíá ni a máa ń wá ẹni tí a ó di ẹ̀bi rù. A ó ní ìyàwó àgbà ni, a ó ní ìyá ọkọ ni, a ó ní emèrè ni ọmọ. Ṣé a ti béèrè irú omi tí ó ń mu? Ṣé a ti wo ẹ̀yìnkùlé bóyá wọ́n ń yọ́ bátìrì ọkọ̀ níbẹ̀? Kì í ṣe gbogbo àìsàn ni májèlé fà. Ṣùgbọ́n kí a tó na ìka sí ìyá àgbà tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀, ẹ jẹ́ kí a yẹ ilẹ̀ àti omi wò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí kí ó yé wa pẹ̀lú: ọmọ tí a bí pẹ̀lú ìpèníjà ara kì í ṣe àbùkù ìdílé. Ẹni òrìṣà ni àwa ń pè é, ọlá Ọbàtálá sì bò ó. Májèlé àti ẹni tó dà á ni mo ń bínú sí. Ọmọ kò ṣẹ̀ mí, ìyá rẹ̀ kò sì ṣẹ̀ mí.

Kí a tó na ọwọ́ síta, ẹ jẹ́ kí a gbá iwájú ilé tiwa. Tìróò tí a ń lé sí ojú ọmọ tuntun ń kọ́? Ní ọdún 2011, ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà, wọ́n bá òjé nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ oṣù mẹ́fà kan tí àwọn òbí rẹ̀ ti Nàìjíríà wá. Nígbà tí wọ́n yẹ tìróò tí wọ́n ń lé fún un wò, ó lé ní ìdá 80 nínú 100 rẹ̀ tó jẹ́ òjé. Àwọn òbí náà kò ní èrò burúkú. Ẹwà àti ààbò ojú ọmọ ni wọ́n ń wá. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ ọ́ sókè. Ẹ̀gbà òjé pẹ̀lú, kí ó wà lọ́wọ́ àgbà, kí ó má di ohun tí ọmọ jòjòló yóò máa fi sẹ́nu. Àwọn ọ̀rá àti ike tí a fi ń di ẹbọ, tí a sì ń jù sódò, ẹ jẹ́ kí a jáwọ́ nínú rẹ̀. Ewé ni àwọn bàbá wa fi dì í.

Ohun mẹ́ta ni mo wá ń bẹ̀bẹ̀ fún. Èkíní, kí gbogbo ojúbọ Ọ̀ṣun jẹ́ kí ó di òfin pé ẹnikẹ́ni kò ní fún aboyún, ìyá ọlọ́mọ àti ọmọdé ní omi odò mu títí àyẹ̀wò yóò fi sọ pé ó ti mọ́. Omi tó mọ́ láti inú kànga tí wọ́n ti yẹ̀ wò, tí a gbé síwájú Yèyé, tí a sì wúre sí, omi ìbùkún ni. Èkejì, kí ẹni tó bá ń gbé nítòsí ibi ìwakùsà tàbí ibi tí wọ́n ti ń yọ́ bátìrì sọ fún dókítà rẹ̀ bí ó bá lóyún, kí wọ́n lè yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Oúnjẹ tó ń ró egungun àti ẹ̀jẹ̀, bíi wàrà, ẹ̀fọ́ àti ẹja wẹ́wẹ́ tí a ń rún tegungun-tegungun láti inú omi tó mọ́, a máa dín òjé tí ara ń gbà kù. Ẹ̀kẹta, kí àwọn ọba wa, àwọn ìjòyè wa àti ìjọba pa ìwakùsà tó ń ba odò jẹ́ tì. Àdéhùn gbogbo ayé kan wà lórí mẹ́kúrì láti ọdún 2013. Minamata ni wọ́n fi sọ orúkọ rẹ̀, Nàìjíríà sì ti tọwọ́ bọ̀ ọ́. Ẹ jẹ́ kí a bi wọ́n ohun tí ìwé náà ń ṣe nínú àpótí nígbà tí omi ń pọ́n lójú wa.

Mo mọ̀ pé iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ ni ìwakùsà jẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́, ebi kò sì gbọ́ ìwàásù. Kí a wá iṣẹ́ mìíràn fún wọn wà lára ohun tí a ó béèrè lọ́wọ́ ìjọba. Àwọn ọ̀dọ́ náà gan-an ni májèlé ń kọ́kọ́ wọ̀ lára, àwọn ọmọ wọn ló sì tẹ̀lé e.

N kò rí ìyá àgbà yẹn mọ́ láti ọjọ́ náà. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá rí irú wọn létí odò lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ má ṣe fi wọ́n ṣẹ̀sín, ẹ má sì dákẹ́. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ kúnlẹ̀ kí wọn, ẹ bá wọn gbé kẹ́ẹ̀gì náà, ẹ sì sọ fún wọn pé Yèyé kò ní bínú sí ẹni tó dáàbò bo ọmọ tí Yèyé fún un.

Kí omi wa tún tòrò. Kí aboyún ilé bí tibi-tire. Kí ọmọ wa má jẹ gbèsè tí kò jẹ. Àṣẹ.